Wáìnì funfun Châteauneuf-du-Pape: ṣé ó bàjẹ́ ni, àbí bó ṣe rí nìyẹn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mo ń gbé. Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ọkọ ọmọ mi gbé ìgò wáìnì funfun méjì wá fún mi láti Faransé. Châteauneuf-du-Pape ni wọ́n kọ sára méjèèjì, ọ̀kan jẹ́ ti 2019, èkejì jẹ́ ti 2023. Pupa rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. A ti gbé ti 2019 sínú fíríìjì láti alẹ́ àná rẹ̀, a wá ṣí i, a fi ti pẹpẹ súùpù ewúrẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò kan rárá bíi ti New Zealand tí a máa ń mu, ó wúwo lẹ́nu, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn, ó sì ń gbóná lọ́nà ọ̀fun. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ó ti bàjẹ́. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ṣe é sára ìgò? Kí ni kí n ṣe sí èyí tó kù? Ojú ń tì mí láti bi ọkọ ọmọ mi.

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, Màmá, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Kí n tètè fọkàn yín balẹ̀: bí ẹ ṣe ròyìn wáìnì yẹn, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ ọmọ yín ṣe yín lálejò gidi, torí nínú gbogbo ìgò tó ń jáde ní Châteauneuf-du-Pape lọ́dún, èyí tó jẹ́ funfun kò tó mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ń mu pupa rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò fojú kan funfun rẹ̀ rí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wáìnì náà tutù jù, ẹ ṣí i lásìkò tó panu mọ́, ata sì tún wá dojú kọ ọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, kíkan ni ẹ̀yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín ń wá nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí kíkan kọ́ ni wọ́n gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti bíbàjẹ́, torí ọ̀rọ̀ náà á tún jáde lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wáìnì funfun máa ń gbà bàjẹ́ jù, ẹ ò sì nílò ọ̀jọ̀gbọ́n kankan láti mọ̀ ọ́n. Ẹ bu díẹ̀ sínú gíláàsì, ẹ gbé bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti bà á jẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ti ṣú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, á sì máa rùn bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ láti àárọ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́, ó lè mọ́ kedere lójú, ṣùgbọ́n òórùn páálí tí òjò pa ni ẹ ó máa gbọ́. Ẹ gbé gíláàsì náà sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òórùn yẹn ò ní lọ, ṣe ni yóò máa le sí i. Ìkẹta ni kó ti di fínígà, tàbí kó máa rùn bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun èékánná. Ẹ ò dárúkọ ìkankan nínú wọn. Ohun tí ẹ wí ni pé ó wúwo, kò kan, kò fi bẹ́ẹ̀ ní òórùn. Àwọn méjì àkọ́kọ́ yẹn, ìwà tó bá dé láti ilé ni. Ìkẹta, fíríìjì ló fà á, ọjọ́ orí rẹ̀ sì dá sí i. Màá dé ibẹ̀.

Ibi tó ti wá ló ń sọ ìdí ìwúwo rẹ̀. Châteauneuf-du-Pape jẹ́ ìlú kékeré kan ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, láàárín Avignon àti Orange, ní apá ìlà-oòrùn odò Rhône. Ọgbà àjàrà ibẹ̀ lé ní 3,000 hẹ́kítà. Póòpù tó wà nínú orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà. Ní 1309 ni Póòpù Clement Karùn-ún dé Avignon, àwọn Póòpù ò sì padà sí Róòmù títí di 1377. Póòpù John Kejìlélógún ló kọ́ ilé olódi sórí òkè ìlú náà. Ilé yẹn ti di àlàpà báyìí. Lóṣù Kẹjọ 1944, àwọn ọmọ ogun Jámánì tó ń sá padà lọ sílé fi àdó olóró wó púpọ̀ nínú ohun tó kù, ògiri gíga tó ṣẹ́kù lẹ máa ń rí nínú fọ́tò. Châteauneuf-Calcernier ni wọ́n ń pe ìlú náà tẹ́lẹ̀, ọdún 1893 ni wọ́n tó yí i padà. Ìgò tí ọkọ ọmọ yín gbé wá, bí ẹ bá fọwọ́ pa á níwájú, ó ṣeé ṣe kí ẹ kan àmì fìlà Póòpù àti kọ́kọ́rọ́ méjì tí wọ́n gbẹ́ sára gíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀ ló ń lo irú ìgò yẹn, ṣùgbọ́n ó pọ̀.

Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣe oòrùn eré. Nínú ọ̀pọ̀ ọgbà, ẹ ò ní rí erùpẹ̀ rárá, òkúta roboto roboto tó tóbi tó ìkúùkù ló bo ilẹ̀ bámúbámú, omi odò ló yí wọn títí wọ́n fi dán láyé àtijọ́. Wọ́n á fa ooru mu lọ́sàn-án, wọ́n á máa tú u sílẹ̀ lóru. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní mistral tún ń fẹ́ wá láti àríwá gba àfonífojì Rhône kọjá, tútù ni, gbígbẹ ni, ìgbà mìíràn wà tí yóò sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan. Ó ń jẹ́ kí ewé àti èso gbẹ, kí bíbu má rí ibi jókòó sí. Àjàrà tó bá dàgbà nínú irú ilẹ̀ yìí yóò pọ́n dénú. Bó bá sì ṣe ń pọ́n nínú ooru ni ṣúgà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí kíkan rẹ̀ ń dín kù. Ṣúgà yẹn ló ń di ọtí nígbà tí omi àjàrà bá hó fúnra rẹ̀, láìsí iná. Òfin ibẹ̀ ní agbára ọtí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 12.5 nínú 100, ṣùgbọ́n ẹ wo ara ìgò tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó rí i pé ó sún mọ́ 14. Ohun tó ń gbóná lọ́nà ọ̀fun yín nìyẹn. Wọn ò bu ṣúgà kún un o, òfin ò gbà á.

Ọdún 2019 tí ẹ ṣí yẹn tiẹ̀ jẹ́ ọdún ooru lọ́tọ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún náà, ooru dé ìwọ̀n 46 ti Celsius ní Vérargues, ní gúúsù kan náà, kò sì tíì sí ibi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Faransé. Ti New Zealand tí ẹ máa ń mu, bó bá jẹ́ Sauvignon Blanc Marlborough, ibi tí òru ti tutù ni àjàrà rẹ̀ ti ń pọ́n, kíkan rẹ̀ wà níbẹ̀ digbí. Kò tọ́ kéèyàn fi ọ̀kan wọn èkejì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ orúkọ àjàrà, èmi gan-an sì fẹ́ràn apá yìí jù.

Wọn ò kọ orúkọ àjàrà kankan nítorí kì í ṣe àjàrà kan. Wáìnì yìí, àdàlù ni, orúkọ ilẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tà á. Láyé ìgbà kan, àwọn oníṣòwò ibòmíràn máa ń fi orúkọ Châteauneuf-du-Pape ta wáìnì tí kò débẹ̀ rí. Ní 1923, àwọn àgbẹ̀ ìlú náà tọ ọkùnrin kan lọ, Pierre Le Roy de Boiseaumarié, Baron Le Roy ni gbogbo èèyàn ń pè é. Lọ́yà ni, ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó sì di onílé Château Fortia, ọ̀kan nínú àwọn ilé wáìnì ìlú náà, nípasẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ní kó bá àwọn gba orúkọ àwọn padà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn fúnra wọn kọ́kọ́ tún ìwà ara wọn ṣe. Òun àti wọn jọ kọ òfin sílẹ̀: irú àjàrà tí wọ́n lè gbìn, bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ gé ẹ̀ka rẹ̀, bí ọtí rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó, pé kí wọ́n ṣa èso tí kò dáa kúrò níbi ìkórè. Wọ́n tiẹ̀ ní ilẹ̀ tí ewéko láfẹ́ńdà àti táìmù bá ti ń hù pa pọ̀ ni kí wọ́n kà sí ilẹ̀ àjàrà, torí ilẹ̀ tó gbẹ tó sì tálákà ni wọ́n ń wá. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kó tó yanjú. Nígbà tí ìjọba Faransé wá gbé ètò àmì orúkọ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní AOC kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, Châteauneuf-du-Pape wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó gbà á, ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 1936.

Ìlú tó fẹ́ràn òfin ni wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ní 1954, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àwọn ẹ̀dá àjèjì tí wọ́n ní ó ń ti ayé mìíràn fò wá, Lucien Jeune tó jẹ́ olórí ìlú náà fi òfin de gbogbo ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: wọn ò gbọdọ̀ fò kọjá lórí ìlú, wọn ò gbọdọ̀ balẹ̀, èyí tó bá sì balẹ̀, wọn ó gbé e lọ sí àgọ́. Wọn ò tíì fagi lé òfin náà.

Irú àjàrà mẹ́tàlá ni òfin 1936 fọwọ́ sí. Láti 2009 ni wọ́n ti ń kà á sí méjìdínlógún, nítorí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya dúdú, funfun àti aláwọ̀ eérú orúkọ kan náà sọ́tọ̀. Kò sí ibi tí òfin ti sọ iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àgbẹ̀ bá fẹ́, kó lo gbogbo wọn, bó sì wù ú, kó lo ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn funfun tó ṣe kókó jẹ́ mẹ́fà: Grenache Blanc, Clairette, Bourboulenc, Roussanne, Picpoul àti Picardan. Àwọn yìí la fi ń ṣe wáìnì funfun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè wọ inú pupa náà. Pupa àti funfun nìkan ni orúkọ yìí wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ wáìnì aláwọ̀ rósì, kó sọdá odò lọ sí Tavel.

Grenache Blanc ló máa ń pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ìgò. Ọmọ ìyá Grenache dúdú tó wà nínú pupa ni, àwọ̀ ló yàtọ̀. Òun ló ń fún wáìnì náà ní ara, òun ló ń gbé ọtí rẹ̀ sókè, ó sì máa ń mú òórùn èso píà tó pọ́n wá. Bó bá dá wà, ó lè sanra jù, kó tètè sú ẹnu. Clairette ló ń fà á tẹ́ẹ́rẹ́. Òórùn òdòdó àti ápù ni tirẹ̀, ìkorò díẹ̀ a sì máa wà ní ìparí rẹ̀ tó ń mú kí ẹnu fẹ́ gbé gíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i. Àjàrà àtijọ́ ni ní gúúsù Faransé. Àléébù rẹ̀ ni pé kò lè fara da afẹ́fẹ́, ẹni tí kò bá yára tẹ̀ ẹ́ yóò rí i tí omi rẹ̀ ń pọ́n lójú rẹ̀.

Roussanne ni olówó inú wọn. Bí ó bá ti gbó, èèpo rẹ̀ máa ń yí sí àwọ̀ ìpẹtà, bí ẹ bá mú ìdì kan lọ́wọ́ nígbà ìkórè, ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí oòrùn ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Apá àríwá Rhône, lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì Hermitage, ni a ti mọ̀ ọ́n jù. Oyin, ewé tíì, ápíríkọ́ọ̀tì, àwọn òórùn tó ń mú wá nìyẹn, ó sì ń jẹ́ kí wáìnì pẹ́ láyé. Ó ṣòro láti gbìn: afẹ́fẹ́ ń dà á láàmú, bíbu ń mú un, èso rẹ̀ kì í sì pọ̀ ní gbogbo ọdún.

Bourboulenc ni màá gbè lẹ́yìn jù. Àgbà àjàrà ni, ó máa ń pẹ́ kó tó pọ́n, ọtí rẹ̀ kò pọ̀, kíkan rẹ̀ sì wà níbẹ̀ kódà lọ́dún tí ooru pọ̀. Bí ẹ bá mu ún lóun nìkan, ẹ lè ní kí ni mo rí nínú èyí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń lá iyọ̀ lásán, ọbẹ̀ tí kò sí nínú rẹ̀ la fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀. Picpoul náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, òun tiẹ̀ kan ju Bourboulenc lọ. Picardan, díẹ̀ ló kù lórí ilẹ̀, àwọn tó ní in sì mọyì rẹ̀ nítorí ó máa ń mú kí ó fúyẹ́.

Ẹ rí i pé àwọn kan nínú wọn ń gbé ìwúwo wá, àwọn yòókù ń fà á sókè kó má bàa rì. Ìdí tí àdàlù fi wà nìyẹn. Ní Burgundy tó tutù, Chardonnay nìkan lè dá dúró nítorí ojú ọjọ́ ibẹ̀ ti fún un ní kíkan. Ní gúúsù, oòrùn ò fún yín ní gbogbo rẹ̀ lára àjàrà kan, ẹ ní láti wá a kiri láàárín mẹ́ta, mẹ́rin, mẹ́fà. Bí ooru sì ṣe ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún yìí, àwọn tí wọ́n fojú rénà tẹ́lẹ̀, Bourboulenc, Picpoul àti Clairette, ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tún ń wojú wọn báyìí.

Bí wọ́n ṣe ń dà á pọ̀ yàtọ̀ láti ilé dé ilé. Ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń ká a, òfin ni. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí oòrùn tó mú, wọ́n á kó o sínú àpótí kékeré kó má bàa tẹ ara rẹ̀ pa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kíá. Àwọn kan ń jẹ́ kí àjàrà kọ̀ọ̀kan hó lọ́tọ̀, Roussanne nínú àgbá igi, Clairette nínú táǹkì irin, kí wọ́n tó wá tọ́ ọ wò ní ìgbà òtútù, kí wọ́n sì pinnu iye tí wọn óò mú nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn ń ká gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n jọ hó. Château de Beaucastel, ilé àwọn Perrin, gbé tiwọn lé Roussanne, nǹkan bí 80 nínú 100, wọ́n sì tún ní ìgò kan tó jẹ́ Roussanne nìkan láti ara igi àgbàlagbà. Château Rayas kò bá Roussanne ṣe, Grenache Blanc àti Clairette ni tiwọn. Clos des Papes fẹ́ kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dọ́gba. Vieux Télégraphe gbé Clairette sípò iwájú. Orúkọ ìlú kan náà ló wà lára gbogbo ìgò wọ̀nyí, ẹ ò sì ní gbà pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n bí ẹ bá tọ́ wọn wò léra wọn. Nítorí náà, orúkọ ilé tó wà lára ìgò ṣe pàtàkì ju orúkọ ìlú lọ. Ẹ ò sọ orúkọ ilé ti ọkọ ọmọ yín rà. Ẹ wò ó, ẹ lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn, ọ̀pọ̀ ilé ló ń kọ àdàlù wọn síbẹ̀ lọ́dọọdún.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń ṣe nínú iyàrá iṣẹ́ tó kan ọ̀rọ̀ kíkan yìí. Lẹ́yìn tí wáìnì bá ti hó tán, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ín lè yí kíkan inú rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ápù tútù, padà sí irú èyí tó wà nínú wàrà, tí kò mú tó bẹ́ẹ̀. Fún pupa, gbogbo èèyàn ló ń gbà á láyè. Fún funfun gúúsù, púpọ̀ nínú wọn ń dí i lọ́wọ́, wọ́n á mú un tutù, wọ́n á sẹ́ ẹ, kí ìwọ̀nba kíkan tó wà níbẹ̀ má bàa tún lọ. Ilé tó bá gbà á láyè, wáìnì rẹ̀ á rọ̀ bí òróró lẹ́nu. Ó ṣeé ṣe kí ti yín jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí tí ti 2019 fi dákẹ́. Àwọn tó mọ wáìnì yìí dáadáa ní àṣà kan: ẹ mu ún ní kékeré, láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, nígbà tí òdòdó àti èso rẹ̀ ṣì ń ta sánsán. Bí ẹ ò bá mu ún nígbà náà, ẹ gbàgbé rẹ̀ títí yóò fi tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, tí oyin, èso gbígbẹ àti epo inú ẹ̀pà yóò wá jáde. Láàárín àkókò méjèèjì, á ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn èso ti lọ, oyin ò tíì dé, ìwúwo àti ọtí nìkan ló kù lójúde. Roussanne ló mọ ìwà yìí ṣe jù. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí, ọdún kò sì dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí wáìnì 2019 nígbà tí ẹ ṣí i kò lè sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún un, àfi pé kò sẹ́ni tó kìlọ̀ fún yín lóòótọ́. Ilé ìtajà kì í kọ ọ́ sára pátákó.

Nítorí náà, ti 2023, ẹ má tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Ẹ mu ún láìpẹ́. Àwọn kan yóò ní kí ẹ jẹ́ kó di ọdún mẹ́wàá, òótọ́ wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kí ibi tí ẹ óò tọ́jú rẹ̀ sí dára kó tó pẹ́ bẹ́ẹ̀: ibi tó ṣókùnkùn, tí kò gbóná, tí òtútù àti ooru rẹ̀ kò yí padà. Orí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná tó wà lókè sítóòfù kì í ṣe irú ibẹ̀. Ìgò kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ yín, mi ò rí ìdí tí ẹ ó fi fi ta tẹ́tẹ́.

Bí ẹ óò ṣe mu ún nìyí. Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún bíi wákàtí méjì, kì í ṣe láti alẹ́ àná. Ẹ mú un jáde ní bí ogún ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Ìwọ̀n 12 ti Celsius ni ẹ ń wá, inú fíríìjì ilé sì sábà máa ń wà ní 4 tàbí 5. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kì í ṣe kékeré fún irú wáìnì yìí. Òtútù a máa di òórùn mọ́lẹ̀, a sì máa fa ìkorò Clairette yọ, nítorí náà èyí tó tutù jù yóò korò díẹ̀, yóò wúwo, kò ní ní òórùn, gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀. Ẹ lo gíláàsì tó tóbi, irú èyí tí ẹ fi ń mu pupa, ẹ má bu ú kọjá ìdá mẹ́ta rẹ̀. Ẹ tọ́ ọ wò bí ẹ bá ti bu ú tán, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, kí ẹ tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Píà á kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà òdòdó, bí Roussanne bá wà nínú rẹ̀ oyin á tẹ̀ lé e. Bí ó bá ṣẹ́kù nínú ìgò, ẹ dé e padà, ọjọ́ kejì rẹ̀ a máa dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ nígbà mìíràn.

Ní ti oúnjẹ, pẹpẹ súùpù kọ́ o, Màmá. Ọtí a máa ràn ata lọ́wọ́. Wáìnì tí agbára rẹ̀ sún mọ́ 14 yóò mú kí ata jó ẹnu ju bó ṣe yẹ lọ, ata náà yóò sì mú kí ọtí dà bí ògógóró. Wọ́n á ba ara wọn jẹ́. Ní ìlú tó ti wá, ẹja tí wọ́n fi òróró ólífì àti áyù sè ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, tàbí wàrà ewúrẹ́, tàbí olú dúdú tí wọ́n ń wú jáde lábẹ́ igi ní agbègbè Vaucluse nígbà òtútù, èyí tó máa ń wọ́n bíi wúrà. Ní ilé yín, ohun tó lọ́ràá díẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀ ló máa bá a rìn. Adìyẹ tí wọ́n yan pẹ̀lú áyù àti ewé táìmù dára gan-an. Mọ́ínmọ́ín tí ẹ fi ẹja àti ẹyin sí nínú, tí ẹ sì fi ata rẹ̀ mọ níwọ̀n, yóò bá a lọ dáadáa. Ẹ̀gúsí pẹ̀lú ẹja tútù náà kò burú, ọ̀rá ẹ̀gúsí yẹn àti ọ̀rá Grenache Blanc gbọ́ èdè ara wọn. Pẹpẹ súùpù, ẹ fi bíà tó tutù tì í lẹ́sẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bá yín jà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú wáìnì yìí sí i láìnáwó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ wá Lirac funfun. Òdìkejì odò Rhône ló wà, Clairette, Grenache Blanc, Bourboulenc àti Roussanne náà ni wọ́n ń lò, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Châteauneuf. Côtes du Rhône funfun rọrùn jù lọ láti rí ní Manchester, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n máa ń fi Viognier àti Marsanne kún tiwọn, àwọn méjèèjì tí òfin Châteauneuf kò fọwọ́ sí. Kí ẹ ṣọ́ra fún èyí tí Viognier rẹ̀ bá pọ̀ jù, lọ́fínńdà ló máa ń jọ. Cassis ní etí òkun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Marseille dára púpọ̀ fún ẹja, Marsanne àti Clairette ló gbé e ró, ọjọ́ kan náà ní 1936 lòun àti Châteauneuf gba àmì wọn. Ó ṣòro díẹ̀ láti rí, torí àwọn ará ibẹ̀ àtàwọn àlejò wọn ló ń mu èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tí wọ́n ní ó bàjẹ́, ẹ ra Picpoul de Pinet sílẹ̀ fún wọn nígbà tí wọ́n bá tún ń bọ̀. Gúúsù náà ló ti wá, létí ọ̀sà Thau níbi tí wọ́n ti ń sin ìsán, Picpoul nìkan ni, ìgò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì ní àwọ̀ ewé. Ó kan dáadáa, òun lẹ lè gbé sínú fíríìjì láti àná. Ti 2023 yẹn, ọjọ́ tí ọkọ ọmọ yín bá wá kí yín ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ sì bi í ní orúkọ ilé tó ti rà á. Ìbéèrè yẹn kò ní ìtìjú nínú rárá, inú rẹ̀ á tiẹ̀ dùn pé ẹ bi òun.